Méjì Tó Lé, Méjì Tó Dín

"Méjìdínláàádọ́rin," ni Ìbídùn wí wúyẹ́, ó sì yáa fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí pé nínú Ilé Ẹ̀yà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀yà òdòdó, kò sí ẹ̀rọ tí kò ní etí.

Ìgbà kẹfà nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti kà á ní méjì-méjì, ó ti kà á ní márùn-ún-márùn-ún, ó ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sórí bébà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ibi kan náà ló ń já sí. Ó wá mú òdòdó keje, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó wú wá láti Ìsàlẹ̀-Yìnyín. Agogo aró ni àwọn ará wa tó kọ́kọ́ dé Àríwá sọ ọ́, nítorí pé ó rí bí agogo kékeré tó dorí kodò, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti aró tó ti ṣá díẹ̀. Ìbídùn gé ṣóńṣó gbòǹgbò rẹ̀, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Ó rẹ ẹ́ sínú ásíìdì títí ó fi rọ̀. Ó kán aró lé e, ó fi gíláàsì pẹlẹbẹ bò ó, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ àtàǹpàkò yẹn, ẹ̀rọ kankan ò tíì rí i ṣe títí di òní olónìí. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á fọ́ yángá, ó di kí o bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Tí o ò bá tẹ̀ ẹ́ tó, àwọn okùn ìran á gun orí ara wọn, o ò ní mọ èwo ni orí, èwo ni ìdí. Ìyá Ìbídùn ló kọ́ ọ, nígbà tí àtàǹpàkò ọmọ náà ò tíì tóbi ju ẹ̀pà lọ, ó sì máa ń gbá a lọ́wọ́ gbàù tó bá ti ń kánjú.

Ó dojú kọ awò tó ń sọ ohun tíntín di ńlá. Okùn ìran ọ̀hún, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kurómósómù, tò sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Aró ti mú wọn dáadáa, wọ́n kúrú, wọ́n hàn kedere. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó kà á dé òpin. Méjìdínláàádọ́rin ni.

Bàbá rẹ̀ ti jókòó sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ láti aago mẹ́fà òwúrọ̀, oníkóòtù funfun kan tí Ìbídùn ò mọ̀ rí sì jókòó tì í. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan, ó ti wọ bàtà òtútù rẹ̀, àfi bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Dókítà ti sọ fún Ìbídùn ní kọ̀rọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró bàbá náà ò ní gbé e dé ìgbà ooru tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí ó padà sí Ìsàlẹ̀-Yìnyín, kí ó sùn nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kí ó sì kú síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí òfin ti tì í síta. Ohun tó sì lè ṣílẹ̀kùn náà ni iye tó wà lábẹ́ awò yìí.

"O ò tíì parí?"

Àǹtí Fèyíṣayọ̀ ló yọjú. Òun ló ń tọ́jú Agbọ́rọ̀, ẹ̀rọ tó ń gba iye lẹ́nu olùkà sínú Ìwé Ẹ̀yà. Èbúté Àríwá níbí ni wọ́n bí i sí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rín kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti parí, Àǹtí."

"Mélòó ni?"

"Ẹ mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ létí yín."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń dán ẹ wò ni." Ó wọlé, ó gbé àpótí irin kékeré kan sórí tábìlì. "Ti màmá ẹ rèé. Òfin ní kí o tú u lẹ́yìn tí o bá ti ka tìẹ tán. Wo gíláàsì àtijọ́, gbọ́ ohùn àtijọ́, lẹ́yìn náà kí o wá sọ tìẹ. Agbọ́rọ̀ á pa etí dé ní aago méjìlá ọ̀sán. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹ, á pa orúkọ òdòdó yẹn rẹ́, ilẹ̀ á ṣí, ó parí."

"Mo gbọ́, mà."

"Àádọ́rin-lé-méjì ló wà nínú ìwé," ni Àǹtí Fèyí wí, ó ń fi ìka gbá àpótí náà. "Ti orí òkè, ọgbọ̀n-lé-mẹ́rin. Ti etíkun, ọgọ́ta-lé-mẹ́jọ, ìlọ́po méjì ti orí òkè. Ti erékùṣù, ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n kàn ń di ìlọ́po ni. Ti Ìsàlẹ̀-Yìnyín nìkan ni kò bá ìlọ́po kankan mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ ní ẹ̀yà tirẹ̀. Ibi tí ẹ̀yà tí kò sí níbòmíràn bá sì wà, ènìyàn kankan ò gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀. Ṣé mo sọ ọ́ re?"

"Ẹ sọ ọ́ re. Àmọ́ ọgọ́ta-lé-mẹ́jọ kọ́ là ń pè é, mà. Méjìdínláàádọ́rin ni."

"Ẹ̀yin ará àtijọ́!" Àǹtí Fèyí bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló ń ṣe yín gan-an? Ẹ óò gòkè dé àádọ́rin, ẹ óò tún máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ta ló rán yín lókè tẹ́lẹ̀?"

Ìbídùn náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ò sí nínú rẹ̀. Gígòkè àti sísọ̀ kalẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe yàn án. Ní gbogbo Àríwá, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ ti gbàgbé dín. Lé nìkan ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí wọ́n ti Ìsàlẹ̀-Yìnyín pa, àwọn ará ibẹ̀ ké gbàjarè pé ẹ̀rọ ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Wọ́n ní Ìyá Ìbídùn sọ méjì tó dín, ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá kọ méjì tó lé. Wọ́n pe ẹjọ́ títí, wọn ò jàre, torí òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú gíláàsì àti ohùn ọjọ́ náà wò kí ọgbọ̀n ọdún tó pé. Kìkì ohun tí wọ́n rí gbà ni àfikún òfin, pé èdè tí wọ́n fi ka òdòdó kan lákọ̀ọ́kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tún un kà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ọgbọ̀n ọdún wá pé. Olùkà tó ṣì ń fi dín kà ò ju ẹyọ kan lọ ní gbogbo Èbúté, òun náà sì ni Ìbídùn.

Àǹtí Fèyí jáde. Ìbídùn já òǹtẹ̀ orí àpótí náà. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi òwú wé, àti ẹ̀rọ dúdú kékeré kan tí wọ́n gba ohùn sí. Ó gbé gíláàsì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Aró ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀, ojú àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ sì hàn nínú aró náà ketekete, gbogbo ìlà rẹ̀.

Háà. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ìbídùn ò mọ̀ pé òun á tún rí ọwọ́ rẹ̀ láyé. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e, ó fi í síbẹ̀, àárò ìyá rẹ̀ sì sọ ọ́ débi pé ó ní láti wá ibi jókòó. Obìnrin yẹn, títí ó fi kú, kò jókòó sí ibi fèrèsé tó kọjú sí àfonífojì rí. Àwọn ará ilé á ní kó wá wo bí yìnyín ṣe ń dán lókè ọ̀hún, á ní òtútù ń mú òun, á sì kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n á ní àárò ilé ló ń ṣe é, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó gbé gíláàsì náà sábẹ́ awò. Kò nílò pẹ́ńsùlù. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ̀, okùn kan ò fara kan ìkejì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Méjìdínláàádọ́rin.

Ìbídùn fò sókè nínú àga. Òótọ́ ni! Òótọ́ ni gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń sọ! Ìyá rẹ̀ rí dín, ẹ̀rọ burúkú yẹn ló kọ lé! Ó ti ń rò ó bí òun á ṣe sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ pe bàbá òun. Àní ọgbà wáyà ẹlẹ́rọ tó wà ní ibodè Ìsàlẹ̀-Yìnyín gan-an mọ orúkọ bàbá yẹn. Ọdọọdún ló ń gun òkè lọ síbẹ̀. Kété tó bá ti sún mọ́ wáyà, ọgbà náà á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gbẹ́ni Láoṣebìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé." Bàbá á ní, "Ilé náà ni mò ń lọ." Ọgbà á tún un wí. Bàbá á tún fún un lésì. Wọ́n á jọ máa fà á títí ẹsẹ̀ á fi ro bàbá, á wá rọra padà. Ó máa ń sọ pé ọgbà yẹn ń kí òun ju àwọn ọmọkùnrin òun lọ.

Ó ku ohùn. Ìbídùn tẹ ẹ̀rọ dúdú náà.

Nǹkan kọ́kọ́ ń ha lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá rẹ̀ jáde, ohùn obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó kún, tó mọ́.

"Èmi Jọláadé, aya Láoṣebìkan, olùkà. Agogo aró ti Ìsàlẹ̀-Yìnyín. Iye okùn ìran rẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Méjìléláàádọ́rin."

Ìbídùn rò pé etí òun ló ń tan òun.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin ní kí olùkà sọ ọ́. "Méjìléláàádọ́rin," ni ohùn náà tún wí. Nígbà kẹta, ó gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Méjì. Lé. Láàádọ́rin."

Wọ́n bi ẹlẹ́rìí bóyá ó gbọ́. Ọkùnrin kan wú ikọ́. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kó tó dáhùn pé, "Mo gbọ́." Ìbídùn mọ ohùn yẹn. Bàbá rẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ ò ṣi nǹkan kan gbọ́. Obìnrin tó máa ń gbá Ìbídùn lọ́wọ́ tó bá pe dín ní lé, òun ló dúró níwájú Agbọ́rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó fi ẹnu ara rẹ̀ ti ilé ara rẹ̀ pa. Ìbídùn tún ohùn náà gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò yí padà.

Ó wá rántí ọjọ́ tí wọ́n kó kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Agboolé mọ́kànlá ló tò lójú ọ̀nà, wọ́n ru ẹní, wọ́n ru ìkòkò, àwọn àgbà ń sunkún. Àwọn obìnrin ń wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń ní, "Má da ara ẹ láàmú, Ìyá Ìbídùn. Ẹ̀rọ ló ṣe é, kì í ṣe ìwọ." Ìyá rẹ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń mi orí fún gbogbo wọn, mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ìbídùn ronú nípa mímì orí yẹn, ó sì káàánú ìyá rẹ̀ gan-an.

Àǹtí Fèyí tún yọjú. "Aago mọ́kànlá ti lù o. Ṣé kí n pe ẹlẹ́rìí wá?"

"Àǹtí, ẹ dúró ná. Oníkóòtù funfun tó jókòó ti bàbá mi nísàlẹ̀, ta ni?"

"Àwọn awakùsà ló rán an. Irin kan wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ òfurufú. Ìwé tí wọ́n fi tọrọ ilẹ̀ náà ti wà nílẹ̀ níbí láti ìgbà màmá ẹ, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un kọ. Ilẹ̀ yẹn ṣí lónìí, lọ́la ni wọ́n á gbé ẹ̀rọ wọlé. Òfin Ẹ̀yà nìkan ló dí wọn lọ́nà."

"Láti ìgbà màmá mi?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí màmá ẹ tó kà á. Déètì rẹ̀ wà lára ìwé wọn."

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan?"

"Àwọn wo? Nínú gbogbo àgbà tí wọ́n kó kúrò, bàbá ẹ nìkan ló kù láyé. Àwọn ọmọ wọn ti fọ́n ká. Kódà òun nìkan ló kù tó lè ṣe ẹlẹ́rìí." Àǹtí Fèyí wò ó dáadáa, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Kí ló dé? Ojú ẹ ti pọ́n."

"Aró ló ta sí mi lójú. Ẹ bá mi pe Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì fún wa láyè díẹ̀."

Bàbá gun àtẹ̀gùn náà, ó ń mí gúlegúle, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé àpótí. Ó jókòó sórí rẹ̀. Ó wo gíláàsì, ó wo awò, ó wo ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn dáa o," ló wí. "Ó bu tíì gbígbóná fún mi nínú fíláàsì rẹ̀. Ó ní òun ń bá mi gbàdúrà kó jẹ́ dín."

"Ẹ mọ ẹni tó jẹ́?"

"Mo bi í, kò purọ́ fún mi. Ó ní iṣẹ́ òun ni."

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, mo ti gbọ́ ohùn Màmá. Lé ni wọ́n wí. Dín ni wọ́n rí, lé ni wọ́n wí. Ẹ̀yin sì wà níbẹ̀."

Bàbá wolẹ̀. "Mo wà níbẹ̀. Etí mi àti etí ẹ̀rọ, ìgbà kan náà la gbọ́ ọ. Ó ti fi gíláàsì yẹn hàn mí tẹ́lẹ̀, mo ti bá a kà á. Mo mọ̀ pé dín ni."

"Ọgbọ̀n ọdún! Gbogbo ará wa ń bú ẹ̀rọ, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń ṣíwájú wọn bú u!"

"Kí ni kí n ṣe? Kí n ní ìyàwó mi ni? Wọn ì bá lé e jáde láàárín wa." Ó wú ikọ́, ikọ́ náà gùn. "Nígbà tí a délé lọ́jọ́ yẹn, mo ní, Ìyá Ìbídùn, kí ló dé? Ó ní, tí wọ́n bá wà á, kò ní sí mọ́. Tí wọ́n bá tì í, ó ṣì wà. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó kọjá lọ sí kíṣìnì, ó ń kó ìkòkò jọ. N kò tún bi í mọ́ títí ó fi kú."

"Ẹ bínú sí Màmá."

"Mo bínú! Kì í ṣe torí irọ́ yẹn. Ìbídùn, kò bi mí! Ilé mi ni. Orí mi ni mo fi ru òkúta rẹ̀ láti odò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí a sá fún òkun dé ibí, tí a ò ní nǹkan kan. Ó ti mọ ohun tó máa wí láti bí ọjọ́ mẹ́ta. A jọ ń jẹun, a jọ ń sùn, kò yíjú sí mi kó ní, Bàbá Ìbídùn, kí lẹ rí sí i? Ó jẹ́ kí n dúró ti ẹ̀rọ kí n máa gbọ́ ọ bí àlejò. Ìyẹn ló dùn mí. Ó dùn mí títí ó fi kú, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe jókòó yìí."

Ìbídùn ò gbọ́ ọ rí. Ó mú ọwọ́ bàbá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n tutù.

"Bàbá, èmi bi yín. Kí lẹ ní kí n wí?"

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè mìíràn sí.

"Dín ló wà lábẹ́ awò," ni Ìbídùn ń bá a lọ. "Tí ẹ bá ní kí n wí dín, màá wí dín. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò lè bá mi wí. Ẹ ó sùn sílé yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àfonífojì yẹn tóbi, àwọn awakùsà ò ní dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó..."

"Kí n tó kú. Sọ ọ́ tán."

"Kí ẹ tó kú."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà wọ́n á wà á."

"Tí mo bá ní kí o wí lé?"

"Màá wí lé. Ohun tí Màmá ṣe ni màá ṣe, màá sì máa gbé e kiri bí wọ́n ṣe gbé e."

Bàbá dìde, ó rìn lọ sí ojú fèrèsé. Oòrùn Àríwá, èyí tí kì í wọ̀ rárá ní oṣù yẹn, ń tàn yòò lórí òkè, yìnyín ń dán lókèèrè, àfonífojì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a kàn rí òjìji rẹ̀ ni. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Mo fẹ́ lọ sílé," ló wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ìbídùn, mo fẹ́ lọ sílé. Kò sí òwúrọ̀ kan tí mo jí tí n kò kọ́kọ́ rò pé ibẹ̀ ni mo wà. Mo máa ń na ọwọ́ sí ògiri, ògiri náà á jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ mu omi odò yẹn. Ó ti rẹ̀ mí."

Ọkàn Ìbídùn balẹ̀, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ tò. "Ó dáa, Bàbá mi. Dín ni. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Dúró! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ ni mo sọ. N kò tíì sọ ohun tí mo ní kí o wí."

Ìbídùn dúró.

"Ká ní ó bi mí lọ́jọ́ yẹn," ni Bàbá wí, "ohun tó wí náà ni ǹ bá ní kó wí. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yẹn. Ó yẹ kí òun náà mọ̀, ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ì bá má dá nìkan rù ú." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wàyí. "Wí lé."

"Bàbá..."

"Lé, mo ní! Kí o sì wí i sókè. Má máa kùn sínú."

Yàrá Agbọ́rọ̀ ò tóbi. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ò ga ju àga lọ, ihò kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Àǹtí Fèyí ṣí i, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbídùn dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ òdòdó, ó dárúkọ ilẹ̀.

"Méjìléláàádọ́rin."

Ó wí i lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó kan ìkẹta, ó mọ ohun tí òun ń ṣe dájú: ilẹ̀kùn ilé bàbá òun ni òun ń tì, bàbá náà sì dúró lẹ́yìn òun. Ó wí i sókè. "Méjìléláàádọ́rin."

"Ẹlẹ́rìí, ṣé..." ni Àǹtí Fèyí ń sọ.

"Mo gbọ́ ọ dáadáa," ni Bàbá wí, kò jẹ́ kó parí.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé gbọ̀ngàn, oníkóòtù funfun ti gbọ́. Ó dìde, ó bọ Bàbá lọ́wọ́. "Ó dùn mí fún yín, Bàbá," ló wí, ó sì dà bí ẹni pé ó dùn ún lóòótọ́.

"Mo mọ̀," ni Bàbá fèsì. "Ẹ ṣeun tíì."

Wọ́n jáde síta. Ẹsẹ̀ bàbá náà ò gbé e jìnnà, àtẹ̀gùn iwájú Ilé Ẹ̀yà ni wọ́n jókòó sí, àpótí náà wà láàárín wọn. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí Ìbídùn ti ti àfonífojì dé pẹ̀lú òdòdó méje, bàbá rẹ̀ ò sì bi í ní ọ̀rọ̀ kan nípa ibẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún òun, ojú ara òun lòun á fi rí i. Wàyí o, ó ń fi ìka họ orí àpótí, ó ń wo ilẹ̀.

"Ó yá, sọ fún mi," ló wí. "Ilé wa ńkọ́?"

"Òrùlé ti wó, Bàbá. Ògiri ṣì dúró, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ṣé o rí i? Òkúta odò ni."

"Agogo aró ló kún inú rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò, dé yàrá inú lọ́hùn-ún. Mi ò rí ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ sí. Mo rin gbogbo àfonífojì yẹn já, kò sí ibi tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ògiri yín ló ń bá wọn dí atẹ́gùn. Méjèèje tí mo kà, yàrá yín ni mo ti wú wọn."

"Yàrá mi?"

"Yàrá yín àti ti Màmá. Ibi tí ibùsùn wà tẹ́lẹ̀."

Bàbá na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pinpin, bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

"Ọgbọ̀n ọdún," ló wí. "Ìbídùn, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń rò pé ilé mi ṣófo."